Ohun Tí Ọ̀gá Yọ Nínú Ọkọ̀ Dádì

Láàárín ọdún 2024 ni Dádì ṣíwọ́ Ọ̀yọ́ lílọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Tẹ́lẹ̀, bí Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù bá ti dé, aago méje àárọ̀ kì í lù kí Corolla rẹ̀ tó jáde ní géètì wa ní Bódìjà, iṣu méjì nínú bùútù, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nínú báàgì kékeré, ó di ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ìyá Ọ̀yọ́ nìkan ló ṣẹ́kù nínú àwọn ọmọ ìyá Dádì. Òun ló pe ọ̀kan nínú wa lórí fóònù lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ṣé ara bàbá yín ò yá ni, tí ẹ fi ń fi pamọ́ fún mi?"

Àwa méjì ni Dádì bí. Ọ̀kan nínú wa ń kọ kóòdù jẹun. Kọ̀ǹpútà ló kà ní yunifásítì, òun náà ló ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Ìkejì ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní físíìsì. A ti lé ní ẹni ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n bí a bá ti wọ géètì yẹn báyìí, ọmọdé la tún dà. A bi Dádì léèrè. Ó ní kò sí nǹkan kan, epo ni. Lítà epo tí kò tó ₦200 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 2023 ti lé ní ₦1,000 nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 2024. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, a ò ní fi da yín láàmú. Owó ìfẹ̀yìntì olùkọ́ ni kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀.

"Àti pé ọkọ̀ yẹn ti di ọ̀mùtí," ni Dádì fi kún un. Ọ̀gá ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ẹ́ńjìnì ti ń darúgbó, àfi kí wọ́n wá tòkúnbọ̀ mìíràn gbé sí i. Owó ẹ́ńjìnì dà? Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ṣe jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, tí ewé ń bọ́ lé e lórí, tí Dádì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń sọ fún àwọn èèyàn pé dókítà ló ní kóun máa rìn.

Ọ̀gá ni mẹkáníìkì Dádì. Kí ọ̀kan nínú wa tó wọ girama ló ti ń tún ọkọ̀ ilé wa ṣe, láti orí Peugeot 504 kan tó fẹ́ràn kí wọ́n máa ti òun. Dádì jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé ìwé kó tó fẹ̀yìn tì, àwọn tíṣà ló ń pe òun ní ọ̀gá, síbẹ̀ a ò gbọ́ kó pe ọkùnrin yìí ní nǹkan mìíràn rí.

Ọ̀kan nínú wa ra nǹkan kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ, tí wọ́n máa ń tì bọ ihò kan lábẹ́ sítíárìn, tó máa ń fi Bluetooth bá fóònù sọ̀rọ̀. Gbogbo ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní ihò yìí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ wa ti ń wá. Corolla Dádì, tí wọ́n ṣe ní 2005, ní tirẹ̀. Ibi tí a ti ń wá ihò náà la ti rí i pé Dádì ti lẹ téèpù dúdú lé ibi tí iná ẹ́ńjìnì máa ń tàn sí níwájú awakọ̀. A béèrè. Ó ní iná yẹn ń pa òun lójú lálẹ́.

Fóònù gbé P0128 jáde. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé omi ẹ́ńjìnì kò gbóná tó bó ṣe yẹ. A kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ kékeré yẹn ń purọ́ ni. Oòrùn Ìbàdàn, oṣù kejì, ká wá ní ọkọ̀ ò gbóná tó? A wa ọkọ̀ lọ sí Mọ́níyà, a wà á bọ̀, ọ̀kan ń wakọ̀, ìkejì ń wo fóònù. Ẹ́ńjìnì tó yẹ kó wà lókè dígírì 80, kò kọjá 61 lójú ọ̀nà. Òtútù ń mú ọkọ̀ Dádì.

Nígbà tí a dé, a ní, "Dádì, ṣé tẹ́mọ́sítáàtì wà nínú ọkọ̀ yìí ṣá?"

"Tẹ́mọ́sítáàtì? Ṣebí Ọ̀gá ti yọ ọ́ láti ọdún wo."

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí nǹkan náà ń ṣe, nítorí púpọ̀ nínú wa ló ń wa ọkọ̀ tí kò ní in láìmọ̀. Omi kan ń yí inú ẹ́ńjìnì ká láti gbé ooru kúrò lára rẹ̀ lọ sí rédíétọ̀, níbi tí atẹ́gùn á ti fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sítáàtì ọkọ̀, kò yẹ kí omi yẹn tíì gba rédíétọ̀ kọjá. Inú ẹ́ńjìnì ni kó ti máa yí, kí ara ẹ́ńjìnì lè tètè móoru. Tẹ́mọ́sítáàtì ni ìlẹ̀kùn tó ń dá a dúró. Àgò kékeré kan wà láàárín rẹ̀ tí wọ́n rọ ìda sí. Bí omi bá gbóná dé ìwọ̀n kan, ìda á yọ́, á wú, á ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ìlẹ̀kùn á ṣí. Bí ó bá tutù, sípíríǹgì á dá a padà. Kò sí wáyà, kò sí bátìrì. Sergius Vernet lorúkọ ẹni tó gbé irú èyí tó ń lo ìda jáde ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1930. Nígbà tí a kà nípa rẹ̀, ẹni tó ń kọ kóòdù nínú wa pariwo: if àti else ni, àmọ́ nínú ìda!

Bí a bá wá yọ ìlẹ̀kùn yẹn, gbogbo omi á máa gba rédíétọ̀ nígbà gbogbo. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á wo ìwọ̀n ooru, á rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ọkọ̀ lójú oorun ni, á máa da epo kún epo bí ẹni ń fún abirùn lẹ́kọ. Àti àárọ̀ títí dalẹ́.

Àmọ́ ká tó bínú sí Ọ̀gá, ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 2016, Dádì ń bọ̀ láti Èkó, ọkọ̀ hó nígbà tó kọjá Ṣágámù díẹ̀, èéfín bo bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ilẹ̀ ti ṣú. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí èèyàn ń dúró sí lóru. Dádì pe oríṣiríṣi èèyàn. Ọ̀gá nìkan ló dìde n'Íbàdàn, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó bá a níbẹ̀ ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, ó fi eyín di tọ́ọ̀ṣì mú, ó tú ọkọ̀. Tẹ́mọ́sítáàtì ti há, kò ṣí mọ́, omi ò rọ́nà kọjá. Ó yọ ọ́, ó dé ibẹ̀ padà, ó rọ omi kún un, wọ́n wọlé ní aago méjì òru. Mọ́mì ò tíì sùn. Lọ́jọ́ kejì ló sọ fún Dádì pé nǹkan òyìnbó ni nǹkan yẹn, ilẹ̀ olótùútù ni wọ́n ṣe é fún, níbí, ká jẹ́ kómi máa ṣàn.

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà le. Ẹni tó gba bàbá wa lọ́wọ́ ewu, ọ̀nà tó fi gbà á là náà ló wá dá a dúró sílé.

Ti pé ilẹ̀ olótùútù ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣòótọ́. Ẹ́ńjìnì ò mọ̀ bóyá Ìbàdàn lòun wà tàbí Kánádà. Ìwọ̀n ooru tó fẹ́ fi ṣiṣẹ́, ọ̀kan náà ni. Ohun tó ń há tẹ́mọ́sítáàtì lọ́rùn nílẹ̀ wa ni omi ẹ̀rọ àti omi kànga tí à ń rọ sínú rédíétọ̀, tó ń dá ìpẹtà sílẹ̀. Bí ó bá há, ọkọ̀ á hó. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ọkọ̀ ò ní hó mọ́. Ta ló máa wá bá mẹkáníìkì jiyàn?

Ẹni tó ń kọ kóòdù nínú wa ò lè sọ̀rọ̀ púpọ̀. Níbi iṣẹ́ rẹ̀, ìdánwò kan wà tó máa ń yẹ kóòdù wò kí wọ́n tó gbé e jáde. Ó ń kùnà lálẹ́ ọjọ́ kan tí oníbàárà ń retí iṣẹ́. Aago méjìlá òru ti lù. Wọ́n yọ ìdánwò náà kúrò, gbogbo nǹkan di àwọ̀ ewé, oníkálukú lọ sùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pè pé wọ́n yọ owó àwọn lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ tó yọ ìdánwò yẹn wà lára ọwọ́ tó ń kọ èyí. Téèpù dúdú tiwa ni.

A sọ fún Dádì pé a fẹ́ dá a padà. Ó ní, "Ọ̀gá ló mọ ọkọ̀ mi." Ọ̀rọ̀ parí. Òwe kan wà tó máa ń pa fún wa nígbà tí a wà ní kékeré tí a bá fẹ́ sá fún iṣẹ́ ilé ìwé, pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ó wà lẹ́nu wa. Ẹ wo bí èèyàn ṣe fẹ́ pa á fún bàbá rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo tótó-ó-ṣe-bí-òwe ayé. A gbé e mì.

Ìwé ló bá wa sọ ọ́. Dádì máa ń kọ gbogbo epo tó bá rà sínú ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé ìwé, déètì, iye lítà, ibi tó lọ. Àwọn ìwé náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù láti ọdún tó ti ra ọkọ̀. Ọjọ́ Sọ́ńdè kan la jókòó tì wọ́n. Ní 2014 àti 2015, Ọ̀yọ́ ní àlọ àti àbọ̀ ń gba nǹkan bíi lítà mẹ́wàá. Láti ìparí 2016, mẹ́rìnlá, nígbà mìíràn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò rí i nígbà náà nítorí lítà kan jẹ́ ₦145. Ta ló ń ka lítà mẹ́rin? A kò sọ nǹkan kan. A kàn gbé ìwé méjì síwájú rẹ̀, a ṣí wọn. Kò sí bí ọ̀gá àgbà ilé ìwé ṣe fẹ́ bá ọwọ́ ìkọ̀wé ara rẹ̀ jà.

"Ẹ ra á ná," ni ó wí. "Ká wò ó."

A lọ sí Àràrọ̀mí, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Àgódi Gate. Ẹni àkọ́kọ́ tí a bi rẹ́rìn-ín. "Ẹ fẹ́ fi sí i? Yíyọ la máa ń yọ ọ́ o!" Ẹnì kẹta ló ní tuntun, pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀, 82 tí wọ́n tẹ̀ sára irin. A ra kóólántì aláwọ̀ òsùn fẹ́ẹ́rẹ́ pẹ̀lú. Nílé, olùkọ́ físíìsì ní a ò ní fi nǹkan tí a ò dán wò sínú ọkọ̀. Ó gbé ìkòkò Mọ́mì ka iná, ó fi okùn so tẹ́mọ́sítáàtì kọ́ sínú omi, ó ti tẹmọ́mítà bọ̀ ọ́.

"Ìkòkò tí mo fi ń se ẹ̀wà!" ni Mọ́mì kígbe. "Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

Dádì wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ní 70, kò sí nǹkan kan. Ní 80, kò sí. Nígbà tó kọjá 82 díẹ̀, ìlẹ̀kùn náà là bí ojú ọmọ tuntun. Dádì tẹ̀ síwájú. Ó ní ká gbé e jáde kó tutù, ká tún un ṣe. A ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ tí kò jẹ́ ká sùn dáadáa lóru yẹn: "Ẹ fi sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa lọ sọ fún Ọ̀gá fúnra yín."

Sátidé la ṣe é, lábẹ́ igi máńgòrò, Dádì lórí àga, redio lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnì tutù pátápátá, nítorí ẹni tó bá ṣí rédíétọ̀ gbígbóná á mọ̀ ọ́n lára. A yọ orí bátìrì, orí nẹ́gátíìfù. A ṣí ìsàlẹ̀ rédíétọ̀; omi tó jáde pupa bí omi àgbàrá. Alternator, tó ń ṣe iná fún bátìrì, ló dí ọ̀nà, nítorí náà a ní láti yọ bẹ́líìtì àti òun náà. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ kan kọ̀. A bẹ̀ ẹ́, a fi epo pa á lára, a lu sípánà, a tún bẹ̀ ẹ́. Fídíò tí a wò sọ pé ogójì ìṣẹ́jú ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ṣe fídíò yẹn ò bá ìpẹtà Ìbàdàn pàdé rí. Nígbà tí a dé ibi tí a ń lọ, nọ́ọ̀tì méjì péré ló mú ìdérí náà. Ihò wà níbẹ̀, ó mọ́, ó ṣófo, ọdún mẹ́jọ ó lé.

A fi tuntun sí i, a dì í, a dá gbogbo nǹkan padà, a pa plọ́ọ̀gì dà níwọ̀n ìgbà tí bọ́nẹ́ẹ̀tì ti wà ní ṣíṣí, a rọ kóólántì, a sítáàtì. Fóònù ń kà: 60, 70, 80. Inú wa dùn. 90. Ó yẹ kó dúró. 98. 104. Abẹ́rẹ́ gèéjì kọjá àárín. A tan híítà, afẹ́fẹ́ tútù ló ń fẹ́ wá. "Pa á! Pa á!" A pa á.

Dádì dìde lórí àga. Kò sọ pé ṣebí mo wí. Ó wọlé, ó sì gbé kẹ́ẹ̀gì omi méjì jáde, ó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó padà lọ jókòó. Ó sàn kó bú wa.

Wákàtí méjì la fi dúró kó tutù, tí a ń fi fóònù wá ohun tí a ṣe. Ihò kékeré kan wà létí tẹ́mọ́sítáàtì, pẹ̀lú irin kan tó ń mì jìgìjìgì nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tó bá há sínú omi máa ń gbà jáde, nítorí náà òkè ló gbọ́dọ̀ kọjú sí. Àwa kọjú rẹ̀ sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ ti dá omi dúró nínú ẹ́ńjìnì. A tún gbogbo nǹkan tú. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, a ti iwájú ọkọ̀ gorí ìdàgẹ̀rẹ̀ géètì kí orí rédíétọ̀ lè ga jù, a ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ láti ìgbà tó ti tutù, a tan híítà, a ń fún rọ́bà omi bí ẹni ń fún ọmú màlúù, ọṣẹ́ afẹ́fẹ́ ń jáde gbùlù gbùlù. Ọ̀sán ti di ìrọ̀lẹ́. 80. 84. 86. 85. 86. Ó dúró síbẹ̀. Olùkọ́ físíìsì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ewé.

Ọjọ́ Mọ́ńdè la lọ bá Ọ̀gá ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. A ti ṣètò ohun tí a máa sọ; a ti pín ìdọ̀bálẹ̀ àti àlàyé láàárín ara wa. Ó ń wò wá títí a fi parí. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní ká sítáàtì, ó na ọwọ́ sísàlẹ̀, ó di rọ́bà ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ mú, ó ń dúró. Ó tutù. Ó tutù. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ yí díẹ̀, ó yọwọ́.

"Ta ló kọ́ yín?"

"YouTube ni, sà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ kọjú ihò ẹ̀ sókè?"

A wo ara wa. Ó mọ̀. Ó mọ gbogbo rẹ̀ kí a tó rí YouTube. Ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ tó wà nínú wa jáde, láìsí àlàyé tí a pín: "Sà, kí ló dé tí ẹ ò fi dá a padà nígbà náà?"

Ó nu ọwọ́ sára àkísà. "Láago mọ́kànlá alẹ́, níbo ni mo ti fẹ́ rà á? Mo ní tó bá dé Ìbàdàn, màá fi sí i. Ọ̀sẹ̀ kan, oṣù kan, bàbá yín ò ráhùn. Ọkọ̀ ò hó mọ́. Bí mo bá ní kó mú owó wá fún nǹkan tí ò dùn ún, á ní mo fẹ́ jẹun lára òun." Ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. "Ti ẹ́ńjìnì tí mo ní ó ti darúgbó, ọkàn mi ò lọ síbẹ̀ mọ́. Ó ti pẹ́." Kò fẹ́ gba owó àyẹ̀wò lọ́wọ́ wa. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, ó kànlẹ̀kùn ọkọ̀. "Ọjọ́ tó bá tún hó, nọ́ńbà mi ò tíì yí padà o."

Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù náà, àwa àti Dádì lọ sí Ọ̀yọ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé fúnra rẹ̀: lítà mọ́kànlá, àlọ àti àbọ̀. Olùkọ́ físíìsì ṣì ń bínú títí dòní pé a pa plọ́ọ̀gì dà lọ́jọ́ kan náà, pé a ò lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́ jù. Dádì ò bá wa dá sí ìyẹn. Kẹ́ẹ̀gì omi méjì wà nínú bùútù, láàárín iṣu, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lára gèéjì láti Mọ́níyà títí dé Fìdítì.

Ìyá Ọ̀yọ́ jáde sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ bojú nítorí oòrùn. "Ṣé ọkọ̀ yìí náà ṣì nìyẹn?"

"Òun náà ni," ni Dádì wí.

A ní ká bá a ṣí téèpù dúdú yẹn kúrò, torí kò sí iná kankan lábẹ́ rẹ̀ mọ́. Ó ní ká fi sílẹ̀, ó ti mọ́ òun lójú.